“Má” Tó Jábọ́ Nínú Ìwé Oúnjẹ

Iṣẹ́ kí n ka ìwé kí gbogbo ayé tó kà á ni mo fi jẹun fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Muṣin ni mo ti ṣe é, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í ti í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Bí àwọn tó ń to lẹ́tà bá ti parí, wọ́n á kó bébà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ wá sórí tábìlì mi. Pírúùfù là ń pè é. Èmi á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí òǹkọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, màá máa wò wọ́n ní ìlà dé ìlà, bóyá ọ̀rọ̀ kan ti jábọ́, bóyá àmì kan ti sá lọ. Tí mo bá kà á tán, màá fọwọ́ sí igun rẹ̀ nísàlẹ̀. Láti ibẹ̀, ó di orí ẹ̀rọ. Kò tún sí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Lẹ́yìn ọdún 1985 ni wọ́n gbé ìwé oúnjẹ kan wá fún wa. Màmá tó kọ ọ́ ti ń kọ̀wé nípa oúnjẹ sínú ìwé ìròyìn Yorùbá tipẹ́, débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí o máa wọ̀ ní Yaba tàbí Sùúrùlérè tí o ò ní rí ohun tí wọ́n kọ, tí àwọn ìyàwó ilé ti gé, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná. Ohun tí àwọn obìnrin fẹ́ràn nípa wọn ni pé wọn kì í fi síbí àti kọ́ọ̀pù dààmú ènìyàn. Wọ́n á ní, “Ẹ dúró títí epo yóò fi dákẹ́ ariwo.” Wọ́n á ní, “Ẹ̀wà náà ti tó lílọ̀ nígbà tí ọwọ́ yín bá ti ń wá òkúta nínú rẹ̀ tí kò rí i.” Mi ò mọ̀ wọ́n lójú. Ìkọ̀wé wọn ni mo mọ̀, yíǹkì búlúù, lẹ́tà gbọọrọ tó dúró ṣánṣán.

Ẹni tó bá fẹ́ ka pírúùfù ìwé oúnjẹ, kó kọ́kọ́ jẹun. Èmi ò jẹun.

Nígbà tí ìwé náà jáde, ọ̀gá mi fún mi ní ẹ̀dà kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Mo mú un lọ fún ìyàwó mi. Ìyàwó mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ìbejì, ń ṣe tíṣà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sùúrùlérè, kò jìnnà sí ilé tí a ń gbé. Ó ka ìwé náà bí ẹni ń ka ìtàn, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ Àìkú kan, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó ní:

“Bàbá Ìbejì, a máa se gbogbo ìwé yìí tán.”

“Àwa wo?”

“Àwa ẹgbẹ́.”

“Ẹgbẹ́ wo?”

“Èyí tí mo fẹ́ dá sílẹ̀ lọ́la.”

Ó sì dá a sílẹ̀. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìyàwó mi, ẹni méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Èkíní ni Ìyá Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Ọ̀yìngbò. Wọ́n ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, wọn ò lọ sílé ìwé rí, kò sì sí ohun tí ẹ lè sè tí wọn ò ní mọ ohun tó kù ú kù. Èkejì ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ìyàwó tuntun tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé wa. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa tẹ̀ lé ìwé dókítà ní ọsibítù ló ṣe ń tẹ̀ lé ìwé oúnjẹ náà. Tí ìwé bá ní kó dúró, á dúró.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n ń pàdé, nílé ẹni tó bá kàn, wọn ò sì gbọdọ̀ fo ojú ìwé kankan. Èmi ni wọ́n fi ṣe akàwé. Ìyàwó mi ní òun ti kàwé sókè fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, kí èmi náà lo ọ̀fun mi. Mo gbà láìjà níyàn, nítorí akàwé ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò.

A jẹ oúnjẹ lọ́dún náà. Àkàrà, èkuru, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi, mọ́ínmọ́ín tí wọ́n pọ́n sínú ewé eéran gidi. Ìgbà kan ṣoṣo tí nǹkan dojú rú ni ìgbà tí ó kan kéèkì. Àsìkò tí ìyẹ̀fun wíìtì wọ́n bí ojú ni, tí bíréèdì gan-an ti di ohun tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti gbágùúdá pò pọ̀. Wọn ò gbọdọ̀ fo ojú ìwé, wọn ò sì rí wíìtì rà, ni ìyàwó mi bá fi ìyẹ̀fun gbágùúdá ṣe é. Kéèkì náà lẹ́wà lójú. Nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ró gbì, kò sì fọ́. Ìyá Ìjẹ̀bú gbé e sókè, wọ́n ní àwọn máa mú un lọ sí Ọ̀yìngbò, àwọn á fi dá ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dúró.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wọ oṣù kẹsàn-án, ó kan ìkọ́kọrẹ́, ó sì kan Àǹtí Nọ́ọ̀sì láti sè é. Ìyá Ìjẹ̀bú ò tíì dé, ọjà dí wọn lọ́wọ́. A bẹ̀rẹ̀ láìdúró dè wọ́n. Mo jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, mo ń kà, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń ṣe.

Mo kà á pé: “Nígbà tí ọbẹ̀ bá ti ń hó, ẹ máa fi ọwọ́ ju ewùrà tí ẹ ti rin sínú rẹ̀ ní kókó kókó. Ẹ bò ó. Ẹ rò ó títí yóò fi jinná.”

Ìyàwó mi gbójú sókè. “Ẹ bò ó, ẹ rò ó? Báwo lèèyàn ṣe ń ro ohun tó ti bò?”

Àǹtí Nọ́ọ̀sì rò ó díẹ̀ lọ́kàn. “Bóyá èèyàn á ṣí i, á rò ó, á tún bò ó padà.”

Ohun tó ṣe nìyẹn. Ó ṣí i, ó rò ó, ó bò ó. Ó ṣí i, ó rò ó, ó bò ó. Òógùn bò ó lójú, kò sinmi. Nígbà tí yóò fi jinná, gbogbo kókó tó wà nínú rẹ̀ ti yòrò, ó ti di nǹkan pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ kan tó ń yọ̀ lójú síbí.

Àkókò yẹn gan-an ni Ìyá Ìjẹ̀bú wọlé. Wọ́n tú gèlè, wọ́n nu ojú, wọ́n ṣí ìkòkò. Wọ́n ki síbí bọ̀ ọ́, wọ́n fi wá ìsàlẹ̀ ìkòkò.

“Kí lẹ pe èyí?”

“Ìkọ́kọrẹ́ ni, Mà,” Àǹtí Nọ́ọ̀sì dáhùn.

“Ìkọ́kọrẹ́ ibo?”

“Ti inú ìwé, Mà.”

“Kókó rẹ̀ dà? Èmi ò rí kókó. Ṣé ọmọ ọwọ́ lẹ fẹ́ rọ ọ́ fún ni? Ta ló ní kí ẹ rò ó?”

Gbogbo wọn yí ojú sí mi. Mo tún ìlà náà kà. Ìyá Ìjẹ̀bú ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, bíi pé èmi ni mo ń parọ́. Mo tún un kà.

“Ìyá tó kọ ìwé yìí, ọmọ ibo ni?”

“Wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n,” ìyàwó mi fèsì.

Ìyá Ìjẹ̀bú pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. “Irọ́ ni! Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń ro ìkọ́kọrẹ́ lórí iná? Ẹ bá mi wá a. Mo fẹ́ bi í léèrè ìyá tó bí i!”

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ń dùn ún. Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìyàwó mi béèrè ti wọ̀ mí lára. Mo mọ Màmá yẹn nídìí ìwé kíkọ, wọn kì í kọ ohun tí iwájú rẹ̀ máa bá ẹ̀yìn rẹ̀ jà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bò ó, ó ní ìdí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé, níbi tí a ń kó àwọn ìwé àfọwọ́kọ sí. Mo tú okùn, mo gbọn eruku, mo wá ojú ìwé náà rí. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì búlúù: “Ẹ má rò ó títí yóò fi jinná.” Kì í ṣe pé “má” náà fara pamọ́. Wọ́n tilẹ̀ fa ìlà sí i nídìí. Mo wá pírúùfù rẹ̀ jáde. Kò sí “má” níbẹ̀. Ìfọwọ́sí mi ló wà ní igun ìsàlẹ̀, ó ń wò mí.

Ni mo bá rántí ọjọ́ náà. Ọ̀sán gangan ni. Obìnrin kan ń dín dòdò ní òdìkejì títì, afẹ́fẹ́ sì ń gbé òórùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Ojú mi wà lórí bébà, ṣùgbọ́n imú mi ti sọdá. Bí mo ṣe parí ìlà yẹn ni mo dìde lọ ra dòdò.

Mo di ìwé náà padà bó ṣe wà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì. Ta ló máa kú nítorí rẹ̀?

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹgbẹ́ pé ọdún kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe àjọyọ̀, kí àwọn pe Màmá Oníwèé fúnra wọn wá jẹ nínú oúnjẹ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá náà. Ìyá Ìjẹ̀bú ní tiwọn sọ pé àwọn náà fọwọ́ sí i, kí ó wá, àwọn ní ìbéèrè. Ìyàwó mi ní èmi ni kí n kọ lẹ́tà náà nítorí ìkọ̀wé mi dára. Mo kọ ọ́, a fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí Màmá náà ń kọ̀wé sí, mo sì ń gbàdúrà pé kó sọnù lọ́nà. Kò sọnù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, èsì dé pẹ̀lú yíǹkì búlúù. Wọ́n ní àwọn máa wá tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe àwọn wá jẹun, pé ẹ̀rù oúnjẹ sísè fún àwọn máa ń ba àwọn ènìyàn.

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ìyàwó mi ṣe ń ṣa ẹ̀wà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà sílẹ̀.

“Dòdò!” ó ní. “Nítorí dòdò, Bàbá Ìbejì!” Ó nu ojú rẹ̀. “Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?”

“Tí ọ̀rọ̀ bá dé bẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ máa dé bẹ̀. Ìyá Ìjẹ̀bú á gbé e débẹ̀.”

Nígbà tí ọjọ́ pé, ilé wa kún. Àwọn obìnrin to oúnjẹ sórí tábìlì yí ká, wọ́n tún fi àwọn kúlà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Agogo méjìlá ọ̀sán ni Màmá Oníwèé dé nínú takisí láti Yaba. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, orí wọn ti funfun. A ti gbé àga ńlá kalẹ̀ fún wọn ní pálọ̀. Wọn ò jókòó. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n mú sílípáàsì jáde nínú báàgì, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n ní, “Ilé ìdáná dà?”

Wọ́n tọ́ gbogbo nǹkan wò. Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín ìyàwó mi, wọ́n sì sọ pé ó dára ju tàwọn lọ. Ìyàwó mi ò mọ ibi tí yóò fojú sí. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Àǹtí Nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń gún iyán ní ilé wọn ní ìlú Ìjẹ̀ṣà, wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Àwọn obìnrin kọrin fún wọn, wọ́n jó pẹ̀lú síbí lọ́wọ́.

Nígbà tí orin rọlẹ̀, Ìyá Ìjẹ̀bú gbé abọ́ tí wọ́n bò wá. Wọ́n ti sè é fúnra wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Bí ìwé yín ṣe ní ká se ìkọ́kọrẹ́ nìyí.” Wọ́n ṣí i.

Màmá Oníwèé wo inú abọ́. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọn ò bínú. Wọ́n béèrè ìwé náà, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á, wọ́n sì rọra jókòó sórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé.

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́,” ni wọ́n wí, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. “Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí mi láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi mí ṣẹ̀sín níwájú àwọn ọmọ mi. Ìwé tí mo fọwọ́ kọ wà lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́, ojú sì ń tì mí láti lọ béèrè rẹ̀. Mo gbà pé èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo máa ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó ti dé orí oúnjẹ ìyá mi. Ìwé kejì tí mo ń kọ, mo ti gbé e tì.”

Ìyá Ìjẹ̀bú tó ti ń múra ìjà láti bí oṣù mẹ́ta, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ wọn ṣe. Wọ́n bo abọ́ náà padà.

Ìyàwó mi wò mí. Kò nílò láti wò mí. Mo ti dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, epo pupa tó kán síbẹ̀ sì ti gba sòkòtò mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ ‘má’. Èmi ni mo pa á. Èmi ni mo ka pírúùfù ìwé yín.”

“Mo kọ ọ́?”

“Ẹ kọ ọ́, Mà. Mo fojú ara mi rí i. Ẹ tún fa ìlà sí i nídìí.”

“Mo fa ìlà sí i?”

“Ẹ fa ìlà sí i.”

Wọ́n dìde. Mi ò tíì rí ẹni tó máa dìde bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n yí ara wọn po láàárín ilé ìdáná pẹ̀lú sílípáàsì. “Orí mi pé! Ẹ gbọ́ o, orí mi pé!”

“Orí yín pé, Màmá,” Ìyá Ìjẹ̀bú ní. “Ti Bàbá Ìbejì ni kò pé.”

Ẹ̀rín sọ. Èmi ṣì wà nílẹ̀. Màmá Oníwèé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo ojú mi. “Kí lò ń ṣe nígbà tí ò ń kà á?”

“Ebi ń pa mí, Mà.”

“Ebi ń pa ọ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. “Dìde jàre. Ìwé oúnjẹ tí kò bá pa ẹni tó ń kà á lébi, kò yẹ ní títẹ̀.” Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dìde tán, ojú wọn le. “Ó ku ìwé mélòó nílẹ̀?”

“Ó kún ìdajì yàrá kan, Mà.”

“Ọwọ́ rẹ lo máa fi kọ ‘má’ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ẹnikẹ́ni tún tó rò ó.”

“Òun nìkan kọ́,” Ìyá Ìjẹ̀bú ní. “Oúnjẹ ìlú mi ni wọ́n bàjẹ́. Gbogbo wa la máa lọ.” Wọ́n wá rántí. “Àmọ́ èmi ò mọ̀wé kọ.”

“Lẹ́tà méjì ni,” Màmá Oníwèé dá wọn lóhùn. “Ẹ bá wa mú báírò wá.”

Màmá Oníwèé yọ lẹ́tà ìpè tí mo kọ jáde nínú báàgì wọn, wọ́n sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ Ìyá Ìjẹ̀bú lórí tábìlì ilé ìdáná, Àǹtí Nọ́ọ̀sì sì ń rin ewùrà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá Ìjẹ̀bú di báírò mú bí ẹni di orógùn mú. M àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ga bí òkè Olúmọ. Wọ́n béèrè ohun tí àmì kékeré tó wà lórí lẹ́tà kejì wà fún, Màmá Oníwèé sì ní òun ni ohùn ọ̀rọ̀ náà, pé bí kò bá sí i, ọ̀rọ̀ náà di odi. Láti ìgbà náà, àmì ni Ìyá Ìjẹ̀bú máa ń kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó wá kọ lẹ́tà sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ìyá méjèèjì jọ se ìkọ́kọrẹ́ gidi. Wọ́n jiyàn lórí ẹja, wọ́n jiyàn lórí pọ̀nmọ́, wọ́n jiyàn lórí ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n ṣí i. Ẹnikẹ́ni ò rò ó. Kókó rẹ̀ dúró gbọn-in gbọn-in, epo yí i ká.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi ní Mọ́ńdè, wọ́n pariwo débi pé àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fún wa ní yàrá ẹ̀yìn fún Sátidé méjì. Àwọn obìnrin mẹ́jọ wọ Muṣin pẹ̀lú báírò àti kúlà oúnjẹ, Màmá Oníwèé ṣe ìkẹsàn-án. Àwọn atẹ̀wé wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wòran, ìyàwó mi sì kó báírò fún wọn, wọ́n di akọ̀wé. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà ìwé náà rí, tí “má” inú rẹ̀ tóbi débi pé ó gun ìlà tó wà lókè rẹ̀, ọwọ́ Ìyá Ìjẹ̀bú nìyẹn.

Ìyá Ìjẹ̀bú ò dúró lórí “má” o. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ABD ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n sì mú àwọn ọlọ́jà mẹ́ta mìíràn wá láti Ọ̀yìngbò. Màmá Oníwèé gbé ìwé kejì wọn padà. Wọ́n tún di ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n ń bọ̀ láti Yaba ní Sátidé bí ẹni gbogbo, wọ́n sì gba ìjókòó mi lórí àpótí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Iléṣà nígbà tó yá. Ó kọ̀wé sí wa pé òun ti dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, pé wọ́n ń pe òun ní Ìyá Ẹgbẹ́.

Ní ọdún kẹta ni wọ́n se ojú ìwé tó kẹ́yìn, nílé Ìyá Ìjẹ̀bú ní Oto, nítòsí Ọ̀yìngbò. Ẹ̀kọ gbígbóná lásán ni, kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. A mu ún tán, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí kálukú se ohun tó bá wù ú. Kò sí ìwé fún mi láti kà lọ́jọ́ náà. Mo fara ti ògiri, ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná wà nínú abọ́ mi, mo ń gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe ń bá ara wọn jiyàn.